Oògùn Méjì Nínú Ara Kan

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn lè gba Adderall lọ́wọ́ dókítà kan nítorí ADHD, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọkàn fìdí kalẹ̀ (àwọn olùkọ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀), kí ó sì tún gba phentermine lọ́wọ́ òmíràn láti dín ìsanra kù. Bí dókítà kìíní kò bá gbọ́ nípa èkejì, ewu dé. Amphetamine ni ó wà nínú Adderall. Ìbátan rẹ̀ ni phentermine. Àwọn méjèèjì ni í lé oorun, tí í pa ebi, tí í mú àyà lù kìkì, tí í sì í mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba ti fọwọ́ sí oògùn kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí phentermine ní 1959, àti fenfluramine ní 1973, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí àpapọ̀ wọn rí. Síbẹ̀ àwọn dókítà ń kọ àpapọ̀ náà fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, títí ó fi di 1997 tí a rí i pé fenfluramine ń ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́, tí a sì kó o kúrò lọ́jà.

Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí a fọwọ́ sí fún ìsanra ní 2021, kì í ṣe ẹbí amphetamine. Ṣùgbọ́n òun náà ń pa ebi. Ẹni tí oògùn kan ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí òmíràn tún gba èyí tí ó kù, kí ni yóò fi gbé ara ró?

Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn rẹ̀ nù. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí dókítà kan rí orúkọ gbogbo wọn, kí ó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí ó tó fi èkejì kún èkíní.