Ohun tí Ẹsẹ̀ Wa ń Tẹ̀

Ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Àwọn baba wa ni wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ yàrá ìgbàlejò àwa ọ̀mọ̀wé àti olóyè òde òní lè rò pé kò kàn wá rárá. Ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ère wà lórí tábìlì, aṣọ òkè sì wà lára baálé. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì tí a tẹ́ sílẹ̀, inú ẹ̀rọ òkè òkun ni ó ti wá, òdòdó tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà lára rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè pé ta ni ó hun ún, a kò rí ẹnì kan dárúkọ.

Ohun tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kò ju ọ̀kan lọ: àwọn obìnrin wa lè hun àtẹ́lẹ̀ tí yóò bá ilé wa mu, bí àwa tí a ń gbé iṣẹ́ fún wọn bá mọ bí a ti í gbé e.

Àwọn kan yóò wí pé rọ́ọ̀gì kì í ṣe ohun ìran wa. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹní ni àwọn baba wa ń tẹ́, ẹní fàfá àti ẹní ore. Títí di òní ni a sì ń yin àwọn obìnrin Ògòtún-Èkìtì nítorí ẹní híhun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìtàgbé àwọn Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú. Obìnrin ni ó ń hun ún, lórí òfì tí a gbé nàró, wọn a sì máa fa òwú rẹ̀ yọ sókè tí yóò fi rí bí ṣàkì ẹran, tí a sì ń pè é ní ṣàkì pẹ̀lú. Kí ni rọ́ọ̀gì, bí kò ṣe aṣọ tí ó nípọn tí òwú rẹ̀ yọ sókè? Ọgbọ́n náà wà lọ́wọ́ wa. A kò ní láti lọ yá a.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tọ ìyá àgbà kan lọ kí ó hun àtẹ́lẹ̀ fún yàrá ìgbàlejò mi. Mo mú àwòrán ọ̀nì inú aṣọ olónà dání, nítorí ó wù mí púpọ̀. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀yin Olùkọ́, ta ni ẹ fẹ́ kí ó máa tẹ ọ̀nì yìí mọ́lẹ̀?” Ẹnu mi wọhò. Ohun tí ó ń gun èjìká olóyè ni mo fẹ́ sọ di ìnusẹ̀. A fohùn ṣọ̀kan sí ilà aró àti funfun. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ó kúrú ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Mo kọ́kọ́ bínú, kí n tó rántí pé “bíi ti yàrá ńlá” ni mo wí fún un, n kò fún un ní ìwọ̀n kankan. Mo san owó rẹ̀ pé. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni ó wà títí di òní, kò sì tíì já.

Láti inú ìtìjú yẹn ni mo ti kọ́ nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní ni ìwọ̀n. Ẹ fi okùn ìwọ̀n wọn ilẹ̀ nígbà tí àga ti wà ní ààyè rẹ̀. Ẹ sì mọ bí òfì obìnrin ti rí: òwú a máa yí ọ̀pá òkè àti ọ̀pá ìsàlẹ̀ ká, nítorí náà gígùn aṣọ kò lè ju nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga òfì lọ, ibùú rẹ̀ kò sì lè kọjá ibi tí ọwọ́ ahunṣọ dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ibùú ẹsẹ̀ bàtà 6, awẹ́ 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ni a ó rán pọ̀ fún un. Ti àwọn ọkùnrin, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Ìṣẹ́yìn, a máa tó nǹkan bí íńṣì 4 níbùú. Awẹ́ 18 ni ìwọ̀n kan náà yóò gbà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìrọ̀rí àti ara ògiri.

Èkejì ni àwọ̀. Òwú funfun kì í fi ìdọ̀tí pamọ́. Èlú ni ó yẹ ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Kí aláró rì í léraléra, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kì í mú aró dú. Kí a sì fọ òwú kí a tó hun ún, nítorí òwú tí kò bá súnkì ṣáájú òfì yóò súnkì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọnà. Ẹ bi ahunṣọ léèrè èyí tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ àti èyí tí kò lè tẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Ẹ san owó òwú sílẹ̀, kí ẹ fún un ní àkókò, kí ẹ má sì ṣe fi iye tí ẹ̀rọ ń tà díwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. A kò ṣe àìmọ̀ pé yóò wọ́n jù ti ọjà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ará Páṣíà, tí gbogbo ayé mọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní 1893, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù tí à ń pè ní Victoria and Albert lónìí ra rọ́ọ̀gì Ardabil ní £2,000. Gígùn rẹ̀ ju mítà 10 lọ. Orúkọ Maqsud Kashani wà nínú rẹ̀, a sì hun ọdún rẹ̀ sí i, èyí tí ó bọ́ sí 1539 sí 1540. Ẹ̀rọ kò lè fún wa ní orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní tiwa, àwọn tí ó mọ òfì yìí ń darúgbó, ọmọbìnrin kì í sì í jókòó ti òfì tí kò mú owó wọlé. Olóyè Níkẹ Òkúndayé, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, tún gbé ibi ìhunṣọ kalẹ̀ ní Ogidi ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ará wa, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá ń kọ́lé tàbí tí ó ń tún ilé ṣe lọ wọn yàrá kan, kí ó sì gbé ìwọ̀n náà tọ ahunṣọ kan lọ kí ọdún tó parí. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kí ó béèrè orúkọ ìyá tí ó hun ún, kí ó sì jẹ́ kí a hun orúkọ náà sí etí rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè lẹ́yìn náà, a ó rí ẹni dárúkọ.