Àlùfáà Kan àti Ihò Àwọn Ìkookò

Láti Ìkòtún dé Ìgándò, a máa ń gbọ́ tí òbí ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má béèrè ọ̀rọ̀ nípa egungun ẹranko ayé àtijọ́, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìkìlọ̀ yìí. Àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi kan ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ọdún 1821, àwọn afọ́kùúta já ihò kan ní Kirkdale, ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Egungun erin, erinmi àti àgbáǹréré wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti irú ìkookò kan tí kò sí nílẹ̀ náà mọ́. Ó rọrùn láti sọ pé Ìkún-omi Nóà ni ó gbá wọn wọlé. Ṣùgbọ́n Àlùfáà William Buckland, olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Oxford, lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹnu ihò náà kéré ju kí òkú erin gba ibẹ̀ wọlé lọ. Ipa eyín wà lára egungun. Ìgbẹ́ funfun tí ó kún fún egungun rírún wà nílẹ̀. Eyín ìkookò, tọmọdé tàgbà, pọ̀ níbẹ̀. Ó tún lọ wo ìkookò alààyè bí ó ti ń fọ́ egungun màlúù, ó sì rí i pé àjẹkù rẹ̀ bá ti inú ihò mu. Ilé àwọn ìkookò ni ihò náà, àwọn ni wọ́n ń wọ́ ẹran wá síbẹ̀. Ní 1822, Royal Society fún Buckland ní àmì-ẹ̀yẹ Copley.

Ó ṣì gbà nígbà náà pé Ìkún-omi ni ó mú ẹrẹ̀ tí ó bo egungun wọ̀nyí wá. Nígbà tí ẹ̀rí kò gbe èrò yìí mọ́, ó yí i padà nínú ìwé rẹ̀ ti 1836. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀: ní 1845, ó di Díìnì ìjọ Westminster.

Ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run ni ó dá òkúta kò ní ìdí láti bẹ̀rù ohun tí òkúta bá fi hàn. Ọmọ tí a bá pa lẹ́nu mọ́ nílé yóò wá ìdáhùn lọ síta, bí ó bá sì rí i, kò ní bi wá léèrè ohunkóhun mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí a ti ń dáwó fún ayẹyẹ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wo ẹ̀rí náà. Ọlọ́run òtítọ́ kò ní bínú sí wa.