Ijó Gíríìkì ní Thamesmead

  Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ ijó ni a mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín títí yóò fi kà á dé òpin.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni màmá kan tí ń gbé Thamesmead ránṣẹ́ pè wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti jẹ ẹ̀bà nílé wọn rí, a sì rò pé oúnjẹ náà ni. A yà sí ọjà Beresford Square ní Woolwich, a ra èso díẹ̀, nítorí pé a kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo, a sì wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a wọlé, a bá màmá lórí àga, wọ́n fajú ro. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dákẹ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni màmá wí, “ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi bi àbúrò yín léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ijó òrìṣà ni mo torí ẹ̀ bí i sí Lọ́ńdọ̀nù? Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òru, kí n wá máa sanwó fún ẹni tí ń jó fún òrìṣà àwọn Gíríìkì?”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń kọ́ ijó Gíríìkì àtijọ́. Ó ti gun àkàbà ìdánwò náà láti ìsàlẹ̀, ó ti kọjá èyí tí wọ́n ń pè ní Intermediate, ó wá ku Advanced 1, tí í ṣe ìdánwò àwọn tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni owó ìdánwò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá ṣí ìwé rẹ̀ wò, wọ́n rí orúkọ Apollo àti Dionysus níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ijó náà jẹ́ ti ètùtù. Ẹnìkan ní ìjọ wọn sì sọ pé ìbọ̀rìṣà gbáà ni. Ìdánwò ilé-ìwé tí yóò gbé ọmọ náà dé yunifásítì sì ti sún mọ́lé. Màmá ní àwọn kò san kọ́bọ̀.

A ní kí ọmọ náà sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ kedere, ohun tí ó sọ sì kọ́ àwa náà lọ́gbọ́n. Ijó yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ará Gíríìsì ń jó níbi ìgbéyàwó lónìí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Ruby Ginner, tí wọ́n bí ní 1886 tó sì kú ní 1978, ni ó ṣe é. Ijó àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ti kú tipẹ́, kò sì sí alààyè kan tó rí i rí. Ginner wo àwòrán ara ìkòkò wọn àti ère òkúta wọn, ó ka ìwé àwọn akéwì wọn, ó sì ń to ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń to àfọ́kù ìkòkò. Ní 1923 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ijó náà sílẹ̀. Ní 1951 ẹgbẹ́ náà wọnú Imperial Society of Teachers of Dancing, ẹgbẹ́ olùkọ́ ijó tó ti wà láti 1904, abẹ́ wọn ni ìdánwò náà sì wà títí di òní.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń jó o, kò sí bàtà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò há mọ́ra ni wọ́n ń wọ̀. Oríṣiríṣi ni: ti eré ìdárayá wà, bí ẹni tí ń sáré tàbí tí ń ju ọ̀kọ̀, ti ogun wà, tí wọ́n ń pè ní pyrrhic, èyí tí àwọn ará Sparta ń jó pẹ̀lú asà lọ́wọ́, ti ọ̀fọ̀ àti ìbànújẹ́ wà pẹ̀lú. Ọmọ náà ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni òun ń ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní pálọ̀ kí òun tó lọ ilé-ìwé. Nígbà tó bá kan ijó ogun, ẹni tí ń gbé nísàlẹ̀ a máa fi igi gbá àjà.

A kọ́kọ́ dá màmá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ òrìṣà. A rán wọn létí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù dé Áténì, ó rìn láàrin pẹpẹ wọn, ó wò wọ́n fínnífínní, ó tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn wàásù, síbẹ̀ kò di abọ̀rìṣà. Ẹni tó mọ ìtàn òrìṣà kan kò tíì bọ ọ́. Màmá mi orí díẹ̀. A kò sọ fún wọn pé Wọlé Ṣóyínká fi Ògún wé Dionysus yẹn gan-an nígbà tó tún eré Bacchae ti Euripides kọ, èyí tí National Theatre ṣe ní Old Vic ní 1973. Gbogbo òtítọ́ kọ́ ni à ń sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n a sọ èyí tó kù. Ọlá Rótìmí mú ìtàn Oedipus, ó gbé e sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú ẹkún àwọn obìnrin Troy, ó fi sẹ́nu àwọn obìnrin Òwu ní 2004. Ní Woolwich níbí, láti 2022 dé 2023, ẹgbẹ́ Punchdrunk fi ijó sọ ìtàn ìṣubú Troy nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Royal Arsenal, àwọn ènìyàn sì ń sanwó wọlé wò ó. Ọ̀nà kan tó ní oúnjẹ nínú ni ọmọ yìí ń tọ̀.

Màmá dákẹ́, wọ́n wá ní kí ọmọ náà jó èyí tí òun máa jó kí àwọn rí i. Wọn kò wò ó rí láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Iṣẹ́ òru kò jẹ́. A ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ijó ọ̀fọ̀ ni ó jó. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó ká apá méjèèjì lé orí, ó sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ẹrù ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tó parí, màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi í pé, “Ta ló kọ́ ẹ ní ìkáwọ́lérí yẹn?” Ọmọ ní ara ìkòkò Gíríìkì ni ó ti wá. Màmá ní, “Irọ́ ni. Bí ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí bàbá wa kú.”

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí a sùn. Àwọn òyìnbó rí ijó tó ti kú lára ìkòkò, wọ́n jí i dìde, wọ́n ṣe ìwé fún un, wọ́n ṣe ìdánwò fún un, ọmọ wa sì ń jí ní aago mẹ́fà nítorí rẹ̀. Tiwa kò kú. Bàtá ń dún, dùndún ń fọhùn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde ní Kétu, àjọ UNESCO sì ti kà á mọ́ ìṣúra gbogbo ayé láti 2001. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà ní British Museum níbí, inú ilé kan náà pẹ̀lú ìkòkò àwọn Gíríìkì. Mélòó nínú wa ló lè jó bàtá dé ìdajì? Ṣé kí tiwa náà kú tán kí a tó wá máa wò ó lára ère? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

A kò sọ pé kí ọmọ náà fi ti Gíríìkì sílẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ara rẹ̀ ní sùúrù ọdún mẹ́wàá lórí ijó kan, òun gan-an ló yẹ kí a fi ìkejì lé lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ tì sí rèé. Màmá yóò san owó náà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ọmọ náà yóò ka ìwé ilé-ìwé rẹ̀ fún wákàtí méjì lálẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan ijó, ọ̀kan nínú wa tí ń ka ìṣirò yóò sì máa wá ràn án lọ́wọ́ ní ọjọọjọ́ Àìkú. Àwa ní tiwa ṣèlérí gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣe ìpàdé, kí ó lè máa jó ijó ogun rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbá àjà. Nítorí náà, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ìlù lù, tí ẹ ń fi í pamọ́ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ jáde. Lẹ́yìn ìdánwò náà, ọmọ yìí ní òun fẹ́ kọ́ bàtá.

Ọjọ́ ìdánwò kò tíì pé, a kò sì lè sọ bí yóò ti rí. Ṣùgbọ́n màmá ti ní àwọn yóò gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí àwọn lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn bá a di kóòtù rẹ̀ mú. Ire o.