ÒDÒDÓ TÍ GBÒǸGBÒ RẸ̀ JỌ IṢU

Àwọn ìyá wa kan bi wá léèrè bóyá òdòdó pupa tí ń gun igi létí igbó ní apá Bantè àti Savalou lè gbé inú ilé.

Ó lè gbé e. Gloriosa superba ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, òun sì ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ká bí ìrù ọ̀gà, òun ni ó fi ń di igi mú. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ìkòkò tí ó ní ihò nídìí, ẹ po ilẹ̀ mọ́ iyanrìn sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ gbòǹgbò náà sílẹ̀ gbọọrọ, kí ilẹ̀ bò ó tó ìka mẹ́ta. Orí rẹ̀ nìkan ni ó ti ń hù. Bí ibẹ̀ bá kán, ó tán nìyẹn. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, kí ẹ sì fún un ní ọ̀pá tí yóò gùn.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ewé rẹ̀ yóò gbẹ. Kò kú o, ó ń sùn ni. Ẹ má bomi rin ín mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀ títí òjò yóò fi padà.

A tẹnu mọ́ ọn: nínú ìkòkò rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa wú u, wọn a kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Ní Savalou, tí wọ́n ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà gan-an, ọmọ wo ni yóò rí ohun tí ó jọ iṣu tí kò ní fẹ́ sun ún jẹ? Oró colchicine wà ní gbogbo ara òdòdó yìí, ti gbòǹgbò ni ó sì le jù. Ní Sri Lanka àwọn ènìyàn ti ṣì í jẹ bí iṣu, wọ́n sì kú. Kì í ṣe gúdúgúdú tí a ń rẹ sómi; sísè àti sísun kò ràn án.

Láàárín wákàtí díẹ̀ ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró po àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú èyí tí ó jẹ kù lọ́wọ́ fún dókítà.

Ilé tí ọmọ tí ń rákò bá wà, ẹ jẹ́ kí òdòdó náà wà létí igbó rẹ̀ ná.