Kíka Ìwé Láìmọ Ọ̀rọ̀: Ọ̀nà Àbáyọ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó fi àṣẹ ìwé kíkà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ Àlùkùránì fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Ní Adó-Èkìtì, Ìyìn àti Ìgèdè, èdè mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ń lò: Yorùbá nílé, Lárúbáwá ní ilé-kéwú, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Bí ìdánwò kò bá bọ́ sí i, àwọn àgbà a ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. Ìdájọ́ yìí kò tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ọ̀rọ̀ inú ìwé já geere. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó ṣókùnkùn sí wọn.

Ní ọdún 2000, Hu Hsueh-chao àti Paul Nation tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Nínú àwọn tí ó mọ 80 péré nínú 100 ọ̀rọ̀ ìtàn tí wọ́n kà, kò sí ẹnì kan tí ó lóye rẹ̀ tó. Ìwádìí náà fi hàn pé ó tó nǹkan bí 98 nínú 100 kí òǹkàwé tó lè dá ìwé lóye.

Gẹ̀ẹ́sì ọjà kò tó fún èyí. Ẹni tí ń tajà ní Ọjà Ọba mọ ohun tí work jẹ́; ṣùgbọ́n nínú ìwé físíìsì, ẹni tí ó bá ti ògiri láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ògiri kò sì mì, kò ṣe work kankan lórí ògiri náà. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò dáhùn ohun tí a kò bi í. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ẹni tí yóò ṣe ìdánwò JAMB tí kò ní ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan ń wí pé èdè Nàsárá ni Gẹ̀ẹ́sì, pé kéwú nìkan ti tó. Kí wọ́n rántí Zayd ọmọ Thabit, ẹni tí Ànábì pàṣẹ fún pé kí ó kọ́ ìwé àwọn Yahúdì. Hádíìsì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì oṣù ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dínkù. Òun náà ni Abu Bakr gbé iṣẹ́ kíkó Àlùkùránì jọ lé lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pa Yorùbá tì nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1970, Alhaji Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ọ̀nà àbáyọ wà ní ilé-kéwú gan-an. Àáfáà a máa ka gbólóhùn Lárúbáwá, a sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá kí ó tó kọjá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní ìwé kékeré kan; ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ tuntun 5 lójúmọ́, pẹ̀lú gbólóhùn tí ẹ ti bá a pàdé àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Ní ọdún kan, ó di 1,825. Ẹ máa padà yẹ̀ wọ́n wò, nítorí kéwú tí a kò tún kà, gbígbàgbé ni yóò gbàgbé. Kí àwọn mọ́sálásí náà ya àkókò kan sọ́tọ̀ láàárín Alaásàrì àti Màgàríbì, kí àwọn tí ó wà ní yunifásítì àti pólì Adó máa bá àwọn àbúrò wọn kàwé.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ń ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.