Gáàsì Kọ́ Ló Tán, Fáànù Ni Kò Yí

Owó tí èèyàn fi ọdún kan kó jọ, irọ́ ìṣẹ́jú kan lè gbé e lọ. Díẹ̀ ló kù kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Alhaja kan tó ń ta léèsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀sán gangan ni ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, kọ̀ tí kò fẹ́ atẹ́gùn mọ́. Oníbàárà ń làágùn, wọn ò sì lè fara balẹ̀ yan aṣọ. Ni Alhaja bá ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó máa ń bá a tún un ṣe.

Ọmọ náà dé, kò tú nǹkan kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn gbójú sókè wò ó ni.

"Alhaja, gáàsì ti tán. Ẹ mówó wá ká rọ òmíràn sí i."

"Ṣebí ìwọ náà lo rọ ọ́ lọ́dún tó kọjá?"

"Èmi ni, mà. Ó ti lò ó tán ni."

Bàbá kan tó ń tún firíìjì ṣe ní òdìkejì ọ̀nà gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé kẹrosíìnì inú sítóòfù ni gáàsì éésì, tí yóò fi jó tán? Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo. Bó bá dín, á jẹ́ pé ibì kan ń jò. Wá ibẹ̀ kó o tó rọ òmíràn. Alhaja, ẹ fún mi ní rìmóòtù."

Bàbá yí i sí fáànù nìkan, kò fẹ́. Ó pa iná láti ìdí bírékà, ó ṣí ojú éésì, ó fa asẹ́ rẹ̀ yọ. Eruku àti òwú léèsì ti bò ó bí aṣọ òtútù. Ó ní kí wọ́n fi omi lásán fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a síbi tí oòrùn kò sí. Ó fi ọwọ́ yí fáànù gbọọrọ tó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní búlọ́wà. Ó yí geere, kò há. Nígbà tó tan iná padà, ẹ̀rọ ń kùn hùùn, kò yí.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Iná ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, kò lágbára láti gbéra ni. Kàpásítọ̀ tó ń tì í ló kú."

Wọ́n ra kàpásítọ̀ mìíràn, iye tó wà lára ti àtijọ́ gan-an ni wọ́n rà. Owó kékeré ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti tutù.

Ohun tó yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ nìyí. Apá tó wà níta ló ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Apá tó wà nínú ilé ló ní irin tútù àti búlọ́wà tó ń fẹ́ ooru yàrá gba ara irin náà kọjá. Bí búlọ́wà kò bá yí, tàbí tí asẹ́ dí, omi ara irin á di yìnyín. Bó bá yọ́, á máa kán tó-tó-tó sórí ọjà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á sì máa ṣe làálàá títí yóò fi bàjẹ́, òun ló sì ń gba owó jù. Gáàsì tó jò náà lè fa yìnyín o, ṣùgbọ́n fáànù á ṣì máa yí. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Iná tí kò lágbára náà lè mú kí mọ́tò máa kùn láìyí, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìyẹn. Àwọn éésì tuntun mìíràn kò ní irú kàpásítọ̀ yìí, bọ́ọ̀dù ló ń darí mọ́tò wọn. Kàpásítọ̀ ṣì lè gbé iná pamọ́ sára lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa bírékà, nítorí náà kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Alhaja ròyìn fún ọmọ rẹ̀ ní London, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. Irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ń mú ilé wọn gbóná nígbà òtútù. Ó ń fa ooru láti ìta wọlé. Fáànù tiwọn máa ń dúró díẹ̀ kí irin kọ́kọ́ gbóná, kó má baà fẹ́ òtútù lu onílé. Ó tún máa ń dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yọ́ yìnyín tó bo apá ìta. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ojú ti ọmọkùnrin yẹn. Bàbá kò lé e. Ó ní kó máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó gáàsì, ẹ béèrè: ṣé fáànù ń yí? Ṣé asẹ́ mọ́? Níbo ló ti ń jò? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.