Obìnrin Onímọ̀ Ẹ̀rọ Kò Gba Iṣẹ́ Ọkùnrin

Bí a bá ti ní kí ọmọbìnrin pọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí àwọn kan kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: àwọn ọkùnrin tó kàwé jáde tí wọn kò ríṣẹ́ ńkọ́? Òbí tí ọmọ rẹ̀ gboyè tó jókòó sílé lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè yìí fi iṣẹ́ wé ẹran inú ìkòkò, tí èyí tí ẹnì kan mú ń dín ti ẹlòmíràn kù. Ẹ wo Fúnkẹ́ Opeke, tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà wálé. Ní 2008 ló dá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì MainOne sílẹ̀. Nígbà tó di 2010, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ òkun láti Pọ́túgàl dé Èkó, nǹkan bíi 7,000 kìlómítà, ti ń ṣiṣẹ́. Báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní Yàbá: irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń jẹun, tọkùnrin tobìnrin. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà parí rírà MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là.

Àtakò kejì ló wúwo: ta ni yóò tọ́jú ọmọ? Òótọ́ ni pé iṣẹ́ àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó, ń lé abiyamọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ṣètò iṣẹ́ ló fa ìyẹn. Àwọn ìyá wa ń pọn ọmọ lọ sọ́jà, kò sì sẹ́ni tó sọ pé òwò kò yẹ abiyamọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1962, Stephanie Shirley dá ilé-iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gba àwọn obìnrin tí ọmọ títọ́ ti mú fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é láti ilé. Nínú 300 òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà, 297 ló jẹ́ obìnrin. Àwọn ló ṣe ètò àpótí dúdú tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn bàálù Concorde, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni. Àwa tí okùn ti dé etíkun wa, kí ni àwáwí wa? Ó ń dùn mí pé a ń náwó sórí ọmọbìnrin títí yóò fi gboyè nínú físíìsì, tí a óò sì jẹ́ kó lọ nítorí ọmọ oṣù mẹ́fà. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ṣe ibi ìtọ́jú ọmọ sọ́gbà iṣẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyá tó bá sinmi fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá ipò rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bá padà.